Ìborùn Òfì Tí Mo Dà Bo Kọ̀ǹpútà

Ogójì náírà ni mo ta ìborùn òfì kan ní Ṣakí, lọ́dún tí ọyẹ́ mú títí ètè gbogbo ìlú fi bẹ́. Ẹni tó rà á kò tilẹ̀ nájà, èmi náà sì rọra pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu títí ó fi kẹ́yìn sí mi. Òfì gidi ni, láti Ìsẹ́yìn, ó ki bí awọ, ó ní ìlà búlúù àti funfun. Ẹ fi ogójì náírà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Iṣẹ́ rédíò ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àwọn ọmọ mi ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà Kìṣí, wọn ò mọ èyí tó ti jẹrà nínú. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà. Ẹnu mi ló lé mi kúrò níbẹ̀, torí mo sọ fún tíṣà pé ẹgba ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá gírámà, kó wá a lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń jẹ iṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì ń jẹ èèyàn, kó jókòó. Ìpayà ni mo fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé mi. Ẹ̀rín tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi, aṣọ tí mo fi ń bo ìpayà náà ni.

Ahunṣọ ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Láti kékeré, ìró ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń jù láàárín òwú ni mo fi ń jí, tí mo sì fi ń sùn. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, obìnrin ń ran òwú, èmi sì rèé, òwú kì í gùn lọ́wọ́ mi kí n má já a. Bàbá mi wò mí títí, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún rédíò ṣe, ó ní, “Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ jù. Jẹ́ kó wá máa gbé pẹ̀lú ohun tó ń sọ̀rọ̀.” Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ rédíò nìyẹn, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́rin. Iye tí wọ́n san láti fi gbà mí, n ò mọ̀ ọ́n, n ò sì bèèrè.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Búsàrí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí wáyà, èèyàn tó bá sì ṣèèṣì bí i nínú, á gbọ̀n bí ẹni tí iná gbé. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ṣúkúrúdíráfà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ohunkóhun tó bá ń lo iná, ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń kí i. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ lójú kòkòrò, ohun tó bá bà á ló ń dì mú, iná náà á sì di òun mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́, bí ewu bá kàn án báyìí, ó ti sá. Bí ó bá ká wa mọ́bi tí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ kí rédíò, ọ̀pá tínrín kan wà níbẹ̀ tó ń bá ọrùn ọwọ́ wa sọ̀rọ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ń ṣe ọmọ ọmọ mi, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo ń lò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó ní ẹ̀rọ tó bá dé iwájú rẹ, má tíì ṣí i. Bi í: kí lò ń jẹ? Kí lò ń gbé? Ibo lò ń mí sí? Ohun tó ń jẹ ni iná tàbí bátìrì, bóyá ó yó tàbí ebi ń pa á. Ohun tó ń gbé ni iṣẹ́ tí wọ́n dì lé e lórí, bóyá ẹrù ewúrẹ́ ni tàbí ẹrù ràkúnmí. Ibi tó ń mí sí ni ihò tí ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Ó ní ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan yẹn ni yóò dójú tì í. A ń ké é bí ẹni ń ké wákà, a ò sì mọ̀ pé ó ń sọ ọjọ́ iwájú ẹnì kan nínú wa.

Nígbà yẹn, gílóòbù kéékèèké ló wà nínú rédíò, wọ́n ń pọ́n bí ẹyinná. Lọ́jọ́ kan tí eruku pọ̀, mo gbé rédíò oníbàárà kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Kò pẹ́, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi ti ẹni tó mu ẹmu yó. Ó kan èéfín.

Ọ̀gá kò nà mí. Ó ránṣẹ́ sílé wa, wọ́n gbé ìborùn òfì bàbá mi wá. Ó ní kí n jókòó sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó dà á bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti igbá àgbàdo sábẹ́ aṣọ náà, ó ní kí n máa ka hóró rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ pé. Ní ìkejì, mò ń ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìkẹta, mi ò mọ ibi tí mo dé mọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ní ìkẹrin, mo kàn jókòó ni, òógùn ń wọ̀ mí lójú, àgbàdo ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ọ̀gá ṣí aṣọ náà.

“Ṣé o gọ̀ ni?”

“Rárá, ọ̀gá. Ooru ni.”

“Rédíò náà kò gọ̀,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní, ta ló lè gbàgbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Bí mo ṣe gbàgbé rẹ̀ rèé.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo lọ́kọ sí Ṣakí, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Kìṣí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Wàìdì. Nígbà tó yá, ó di Ìyá Onírédíò. Mò ń tún un ṣe, mò ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà rédíò bá kú, mò ń ta òfì tí àbúrò mi ọkùnrin ń hun ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ tí òfì náà bá kú, mò ń ta ọ̀rọ̀, ìyẹn ò wọ́n.

Gílóòbù ti kúrò nílẹ̀ nígbà yẹn. Tíráńsísítọ̀ ló dé, nǹkan dúdú bíńtín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àfi bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó hu ẹsẹ̀. Ó tutù. Èèyàn lè dì í mọ́ra sùn. Àwọn Fúlàní darandaran ń gbé rédíò wọn wá bá mi láti ẹ̀yìn Kìṣí, wọ́n ti fi awọ rán ẹ̀wù fún un, wọ́n so ó kọ́ ọrùn, wàrà ti dà sí i nínú, èèrà ti kọ́lé sí i, síbẹ̀ ó ń kọrin. Ta ló tún fẹ́ bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ibi tó ń mí sí? Díẹ̀díẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀gá mi di méjì. Kí lò ń jẹ, kí lò ń gbé, ó tán. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi béèrè méjì, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, tí kò sì sẹ́ni tó mú mi.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, ọ́fíìsì kan tó ń pín irúgbìn àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gbé kọ̀ǹpútà wá sí Ṣakí. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n jókòó lé e lórí, pátákó tí wọ́n fi ń tẹ̀wé wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà láti máa tẹ̀ ẹ́ ni Rísìkátù, ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ìyá rẹ̀ ti kú, èmi ló fi í lé lọ́wọ́ kó tó dákẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi rán an lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, lójoojúmọ́ oṣù mẹ́fà náà ni àyà mi sì ń já. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ni mo tó sùn dáadáa.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Máníjà, kì í ṣe ará ibí. Ẹ̀rù eruku ọyẹ́ wa ń bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Ó rí òfì tí mo fi kọ́ ara ògiri, ó bi mí bóyá eruku lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní ọta ìbọn gan-an, kó tó kọjá níbẹ̀, á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo tún fi kún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ohun iyì kì í wà níhòòhò. Kùránì nílé mi ń wọ aṣọ, rédíò ń wọ aṣọ, àga àlejò ń wọ aṣọ. Kí ló dé tí ohun tó gbówó lórí jù ní Ṣakí yóò fi jókòó bí ẹni tí olè bọ́ láṣọ? Ó san ogójì náírà. Mo gé ìborùn náà, mo rán an bíi fìlà, ó bo orí àpótí, ìhà rẹ̀ méjèèjì, àti ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú nìkan ló ṣí sílẹ̀. A gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lé aṣọ náà lórí, ó dà bí ọba tó dé adé.

Ọdẹ kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, Ògúndélé, olùsìn Ògún ni. Ìbọn rẹ̀ ni mo máa ń sọ pé wọ́n gbà síṣẹ́, òun kàn tẹ̀ lé e wá ni. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo kọ̀ǹpútà nínú aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ìyá Onírédíò, ajá tí ẹ wọ̀ ní agbádá, ṣé yóò lè lépa ẹran?” Mo ní kó lọ wọ ìbọn tirẹ̀ ní ṣòkòtò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Máníjà gan-an rẹ́rìn-ín.

Nínú ọyẹ́ yẹn, kò sí wàhálà kankan. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, òfì ń dán, àlejò ń wá wò ó. Inú Máníjà dùn débi pé ó ní kí n ṣe mẹ́fà sí i, fún kọ̀ǹpútà tó wà láwọn ọ́fíìsì wọn yòókù, kó bá ìwọ̀n àpótí náà mu rẹ́gí. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn. Ó gbé òwú sórí òfì.

Ọyẹ́ wá lọ, ooru dé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ ìgbà tí mò ń sọ, ìgbà tí alángbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí páànù kó tó gbé èkejì sílẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ńlá kọ̀ǹpútà dé. Lísìtì ni yóò ṣe: orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti Kòmu, Tẹ̀dé, Kìṣí àti abúlé gbogbo tó wà láàárín wọn, bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó, irú irúgbìn tó tọ́ sí i, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbé e dé ìlú rẹ̀. Bí lísìtì kò bá jáde, sítọ́ọ̀ kò ní ṣí. Bí òjò bá sì fìdí múlẹ̀ kí irúgbìn tó dé oko, ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àtìní kan, Rísìkátù sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò rántí kí mi.

“Ìyá, ó ń fà,” ló ní. “Ó ń fà, ó sì ń kú.”

Mo ní kó mu omi. Kò mu ún. Ó ní láàárọ̀, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti súnmọ́ ọ̀sán, á kàn dúró gbagidi, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i. Àfi kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lísìtì láti òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Máníjà ti sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹ̀rọ kò lẹ́ṣẹ̀, pé ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kò dára. Bí gbogbo lísìtì kò bá jáde kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, kí Rísìkátù máa lọ sílé, òun yóò mú ẹlòmíràn wá láti Ìbàdàn.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo rí ojú ìyá rẹ̀ lórí ẹní ọjọ́sí. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀, ó ti tutù. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ṣí i fún mi, ó nawọ́ sí nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka mi lọ, ó ní òun ni ọpọlọ rẹ̀, òun ló ń ro gbogbo ìrònú. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní tíráńsísítọ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Ara mi balẹ̀. Tíráńsísítọ̀ kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, èyí tó ń tutù. Mo ní kó dé e padà, kó sì wọ aṣọ rẹ̀ fún un. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mo béèrè ìbéèrè mi méjèèjì. Kí lò ń jẹ? Mo wo gílóòbù tó wà lókè, iná tó wà nínú rẹ̀ pupa bí ojú ẹni tó ń sunkún. Iná ìjọba kò yó ẹ̀rọ náà. Mo lọ gbé sítábíláísà wá láti ṣọ́ọ̀bù, ohun tó ń gbé iná tó bá rẹlẹ̀ dìde. Ojú ẹ̀rọ náà kò tún ń pa, kó tún là, bíi ti ẹni tó ń tòògbé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó tún dúró.

Kí lò ń gbé? Rísìkátù wá ọ̀nà láti là á yé mi, ó mọ̀ pé ilé òfì ni mo ti wá. Ó ní kí n wo ọpọlọ náà bí ahunṣọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó lórí ìtẹsẹ̀ ni bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Òwú tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun tó lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyè òwú yẹn bá kéré, àfi kó máa dìde lọ sí yàrá lọ mú òmíràn, yàrá náà sì ni díìsì tí mò ń gbọ́ tó ń kùn nínú àpótí. Bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó, ẹni tó ń dìde nígbà gbogbo kò lè hun nǹkan kan. Mo ní, “Ìwọ wá gbé aṣọ gbogbo Òkè-Ògùn lé ahunṣọ kan lórí lẹ́ẹ̀kan náà?” A pín lísìtì náà sí ìlú, ìlú. Kòmu jáde láàárọ̀ Tàlátà. Tẹ̀dé jáde láàárọ̀ Àlàrùbá. Kìṣí ló kù, òun ló sì gùn jù.

Bọ́tìnnì kan wà níwájú àpótí náà tó ń mú ẹsẹ̀ ahunṣọ yá ní ìlọ́po méjì. Rísìkátù ń tẹ̀ ẹ́ nítorí ìkánjú. Mo kíyè sí i pé bí ó bá ń sáré, ó ń tètè kú. Bí a bá pa bọ́tìnnì náà, tó ń rọra rìn, ó ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rìn yẹn, Kìṣí kò ní tán títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó ń kú bó bá ń sáré, tó ń yè bó bá rọra ń rìn, tó dára láàárọ̀ tó burú lọ́sàn-án: ọmọ jòjòló ì bá ti sọ fún mi pé ooru ni. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ju ọmọ jòjòló lọ. Tíráńsísítọ̀ ni, tíráńsísítọ̀ a máa tutù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá, àrá sán lápá Tẹ̀dé. Àwọn àgbẹ̀ Kìṣí ti ń dé, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́dọ̀ Ògúndélé, olúkúlùkù lórí àpò òfìfo rẹ̀. Bàbá arúgbó kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ẹ̀rọ wọn ń ṣàìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

“Ṣé ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀?” ló bi mí.

Mo padà wọlé lọ bá Rísìkátù.

Lọ́sàn-án Àlàmísì, ó tún dúró. Orúkọ ọkùnrin kan ló ń kọ lọ́wọ́, ó kọ “Lámí”, kò kọ “dì”. Gbogbo fèrèsé wà ní títì nítorí eruku. Rísìkátù gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí ohùn. Mo na ọwọ́ láti fi kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì gba ara òfì kọjá. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Mo dúró. Mo ki ẹ̀yìn ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, lára irin, níbi ihò tí mo fi ọwọ́ ara mi rán òfì dí. Mo fà á yọ kíá. Ìdérí ìkòkò lórí iná ni mo fọwọ́ kàn.

Ọ̀gá Búsàrí ti kú tipẹ́ nígbà yẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Rédíò náà kò gọ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin tó fẹ́ yan iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Rísìkátù. Ìborùn mẹ́fà ni. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè bọ́ aṣọ náà bí ẹni pé mo fẹ́ gbọn eruku rẹ̀, kí n ní iná ìjọba ló fà á, kí n gba ìyìn, kí mẹ́fà yẹn sì máa lọ sí ọ́fíìsì mẹ́fà. Mo ti nawọ́ láti bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti ro ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ mẹ́fà tí wọn yóò máa sọ fún níwájú òṣìṣẹ́ pé ọwọ́ wọn kò dára. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn tí Máníjà fi wọlé.

“Ìyá Onírédíò, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọmọ yín ló ń bà á jẹ́, àbí?”

Rísìkátù gbé orí sókè, ó ń wò mí.

“Rárá o. Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?”

“Aṣọ tí mo tà fún yín ni. Ẹ̀rọ yìí ń mí, mo sì dí i nímú. Ọyẹ́ ló bò mí láṣìírí, ooru ti wá tú mi. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kí ẹ wò.”

Àtẹ́lẹwọ́ ló fi kàn án, mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe. Ó fa ìka rẹ̀ yọ kíá, ó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ.

“Ẹ ní ọta ìbọn kò lè kọjá níbẹ̀,” ló wí.

“Kò lè kọjá, sà. Ooru náà kò lè kọjá.”

Ògúndélé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, “Mo sọ ọ̀rọ̀ ajá,” ó sì padà sídìí ìbọn rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju kó rẹ́rìn-ín lọ.

A bọ́ aṣọ náà. A ṣí fèrèsé. Mo lọ gbé fáànù tó wà nínú yàrá mi nílé, mo kọjú rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpótí. A fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó tutù títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà Jímọ̀, Rísìkátù tàn án, ó wò mí, ó tẹ bọ́tìnnì ìsáré. Mo jókòó tì í, ẹ̀yìn ọwọ́ mi wà lára irin náà bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ìkùukùu ti ṣú lápá àríwá. Ìwé ń jáde, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ó kọ “Lámí”. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti kọ “dì”, ó sì ti kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìwé tó kẹ́yìn já bọ́. Bàbá arúgbó Kìṣí bá ọkọ̀ irúgbìn lọ, òjò sì bá wọn lójú ọ̀nà.

Rísìkátù kò kúrò níbi iṣẹ́ náà. Òun ló tún wá kọ́ ẹni tí wọ́n mú láti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń gbé fóònù wá bá mi báyìí, wọ́n á ní, “Màmá, ó ń fà.” Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, mo sì máa ń bi í ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kì í fo ọ̀kankan. Ìgbà púpọ̀ ni mo ń bá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Irinṣẹ́ yín yóò yí padà lójú yín bí tèmi ṣe yí padà. Iṣẹ́ tí ẹ kò bá lè ní “èmi ni” níwájú ẹni tó ń sanwó fún yín, ẹ má kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n “èmi ni” kì í ṣe ọ̀fẹ́. Máníjà gba ogójì náírà rẹ̀ padà, ó sì kọ ìborùn mẹ́fà yẹn. Àbúrò mi ti hun wọ́n tán, náírà márùndínlọ́gbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó ro ti pé ìyá kan náà ló bí wa. Ó ní ìyá wa kọ́ ló ń ta òwú. Mo sanwó rẹ̀, mo kó wọn lọ sọ́jà. Wọ́n kéré sí ìró, wọ́n tóbi ju fìlà lọ, oníbàárà kan sì bi mí pé irú ẹranko wo ló ń wọ̀ wọ́n. Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn mi di òní olónìí. Gbogbo ohun tí mo pàdánù jẹ́ igba náírà ó dín mẹ́wàá.